Agbè Tí Ó Ń Mí, Ìgò Tí A Dé Pinpin: Ìtàn Ọtí Tí Ó Ń Hó ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Bí ọmọ bá kú mọ́ abiyamọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìtùnú tí àwọn àgbà máa ń sọ ni pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ohun tí ó wà nínú ohun èlò lè ṣòfò, ṣùgbọ́n bí ohun èlò náà bá ṣì wà, ìrètí kò tíì tán. Òwe yìí bá omi mu, ó sì bá ẹmu inú agbè mu. Kò bá ẹmu inú ìgò mu rárá. Bí ènìyàn bá rọ ẹmu òwúrọ̀ kún inú ìgò, tí ó sì dé e pinpin, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìgò náà lè bẹ́ gbàù láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọtí dànù, ohun èlò náà sì fọ́.

Ìyàtọ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó wà nídìí ọ̀kan nínú àwọn àyípadà tí ó tóbi jù lọ tí ó dé bá ọjà ọtí ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún ogún. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ lórí bí bíà inú ìgò ṣe gba iwájú lọ́wọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ẹmu jẹ́ oríṣi méjì. Àwọn kan ní ìfẹ́ ohun òyìnbó ni ó fà á. Àwọn mìíràn ní àwọn tí ń pọntí nílé kò mọ ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú ọtí kí ó má bàjẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú àlàyé kìn-ín-ní. Èkejì ni àròkọ yìí tako. Ẹnu agbè tí a kò dé pa kì í ṣe àmì àìmọ̀kan. Ìmọ̀ ni, ó sì jẹ́ ìdáhùn tí ó tọ́ sí ìṣòro gidi kan tí ó wà nínú ọtí tí ó ń hó. Ohun tí bíà fi borí kì í ṣe ọkà rẹ̀, kì í sì í ṣe adùn rẹ̀. Ohun tí ó fi borí ni pé àwọn kan ti kọ́ bí a ṣe ń wọn afẹ́fẹ́ inú ọtí, tí a sì ń sé e mọ́lé. Àwọn ará Yúróòpù pàápàá sì fọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ìgò kí wọ́n tó kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Ọtí Ilé àti Ohun Tí A Ń Gbé E Sí

Ọtí tí àwọn Yorùbá ń ṣe nílé kí bíà tó dé pọ̀. Ẹmu ń ti ara ọ̀pẹ wá, ògùrọ̀ sì ń ti ara igi ògùrọ̀ tí ó ń hù ní ilẹ̀ àbàtà. Àgbàdo ni a fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọkà bàbà ni a fi ń pọn ọtí ọkà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n dẹ̀dẹ̀ ni a fi ń ṣe àgàdàgídí. Iṣẹ́ ọkùnrin ni dídá ẹmu, nítorí pé igbà ni a fi ń gun ọ̀pẹ. Iṣẹ́ obìnrin ni pípọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí ọkà, nítorí pé ìdí ààrò àti ìkòkò ni iṣẹ́ náà wà.

Pípọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ gba sùúrù. Obìnrin apọntí yóò rẹ àgbàdo sínú omi, yóò kó o jáde sórí ewé, yóò sì fi ewé mìíràn bò ó títí yóò fi hù. Lẹ́yìn náà, yóò sá a sínú oòrùn, yóò lọ̀ ọ́, yóò pò ó mọ́ omi, yóò sè é fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó máa hó fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Híhù tí àgbàdo náà hù ni orí iṣẹ́ yìí. Inú hóró tí ó ń hù ni agbára tí ń sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà ti máa ń jí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn apọntí ilẹ̀ Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń mú kí ọkà bálì wọn hù kí wọ́n tó sè é. Títí ọtí yóò fi máa hó nínú ìkòkò, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ̀. Ibi tí ọ̀nà wọn ti pínyà ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìkòkò.

Agbè, akèrègbè àti ìkòkò amọ̀ ni ohun èlò ọtí ilé. Kò sí èyí tí ó lè sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú ara rẹ̀ nínú wọn, kò sì sí ẹni tí ó retí pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ewé tí a ká jọ ni a máa ń fi bọ ẹnu akèrègbè ẹmu. Ewé náà ń dá kòkòrò àti èérí dúró, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ìfófòó ráyè jáde. Bí ẹmu bá ti ń hó, afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde láti inú rẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ òde sẹ́yìn. Èémí ọtí náà ni ó ń ṣọ́ ọtí náà. Ìgbà tí híhó bá rọlẹ̀ tán ni afẹ́fẹ́ òde ń wọlé, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ ọtí di ọtí kíkan sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Ìdí nìyí tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, tí ọjà ẹmu kò fi jìnnà sí oko ẹmu, tí obìnrin oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sì fi ń ka ọjọ́ àríyá kí ó tó rẹ àgbàdo. Kì í ṣe ọtí ni wọ́n ń tọ́jú, àkókò ni wọ́n ń tọ́jú.

Ohun Tí Ó Wà Nínú Ìfófòó

Ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn ni wọ́n ń jẹ ṣúgà inú ọtí. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, wọ́n a sọ nǹkan bí ìdajì rẹ̀ di ọtí gan-an, wọ́n a sì sọ ìdajì kejì di afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní carbon dioxide. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ yìí sínú omi lọ́nà tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé ni Joseph Priestley. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìpọntí kan ní ìlú Leeds ni ó ń gbé ní ọdún 1767, orí àgbá tí bíà ti ń hó ni ó sì ti kíyè sí afẹ́fẹ́ náà. Ní ọdún 1772, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí bí a ṣe lè kó o sínú omi. Láti inú ọgbọ́n yẹn ni gbogbo ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti ṣẹ̀ wá. Ìdí àgbá apọntí ni ìmọ̀ náà ti jáde. Agbè ẹmu pẹ̀lú sì ń sọ ohun kan náà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé etí sí ẹnu rẹ̀.

Ìṣirò tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò le. Gíráàmù ṣúgà 4 nínú lítà ọtí kan ń mú afẹ́fẹ́ tí ó tó lítà kan jáde. Bíà inú ìgò tí ó hó dáadáa ní nǹkan bí lítà afẹ́fẹ́ 2.5 nínú lítà ọtí kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé gíráàmù ṣúgà 10 péré ni ó lè pèsè gbogbo ìfófòó tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú ooru ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ tí ó mọ níwọ̀n báyìí ti ń ti ara ìgò bí èyí tí ó wà nínú taya ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe ń ti ara taya, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáìnì Champagne, tí ìgò rẹ̀ nípọn tí ó sì wúwo, gba nǹkan bí gíráàmù ṣúgà 24 fún lítà kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì tó lítà 6.

Kí a wá wo ẹmu. Oje tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán láti ara ọ̀pẹ ní ṣúgà tí ó tó gíráàmù 100 nínú lítà kan, tàbí kí ó lé. Bí a bá sé e mọ́lé kí ṣúgà náà tó tán, afẹ́fẹ́ tí ó ń bọ̀ lè tó lítà 25 nínú lítà ẹmu kan, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá ti bíà. Kódà bí ìdajì ṣúgà náà bá ti tán kí a tó dé e, afẹ́fẹ́ tí ohun tí ó ṣẹ́ kù lè mú jáde tó ìlọ́po méjì ti inú ìgò Champagne. Ìgò bíà kò lè gba irú rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tí ó fi ewé bọ ẹnu akèrègbè kò kọ ìṣirò yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìdáhùn rẹ̀.

Bí Ìgò Ṣe Kọ́ Láti Di Afẹ́fẹ́ Mú

Àwọn ará Yúróòpù kò bí ìmọ̀ ìgò mọ́ ara wọn. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, nígbà tí àwọn aṣegíláàsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi èédú ilẹ̀ dáná, iná wọn gbóná sí i, ìgò wọn sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Síbẹ̀, fífọ́ kò dáwọ́ dúró. Nínú àjà ilẹ̀ tí wọ́n ń kó wáìnì Champagne sí ní ilẹ̀ Faransé, àwọn òṣìṣẹ́ ní láti máa fi irin bo ojú nítorí ìgò tí ó ń bẹ́. Ìgò kan a bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ a sì ba èkejì. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, apòògùn kan ní ìlú Châlons tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ François wá ọ̀nà láti mọ iye ṣúgà tí ó ṣẹ́ kù nínú wáìnì kí a tó dé e, kí a lè mọ iye tí a ó fi kún un. Ìgbà yẹn ni fífọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí dínkù. Ohun tí ó gba àwọn oníwáìnì là kì í ṣe ìgò tí ó nípọn nìkan, ìwọ̀n ni.

Lẹ́yìn èyí ni Louis Pasteur fi hàn, nínú ìwé rẹ̀ lórí bíà tí ó jáde ní ọdún 1876, pé àwọn ohun abẹ̀mí àìfojúrí ni wọ́n ń mú ọtí hó, àwọn ni wọ́n sì ń mú un bàjẹ́. Bí a bá gbé ọtí gbóná níwọ̀nba, láìjẹ́ kí ó hó lórí iná, wọn yóò kú, ọtí náà yóò sì dákẹ́. Ní ọdún 1892, William Painter gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí ìdérí onírin eléyín wẹ́wẹ́ ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà. Kí ìdérí yìí tó dé, kóòkì tí a fi okùn tàbí wáyà so mọ́ ọrùn ìgò ni ó wà, ọwọ́ ni a sì fi ń so wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdérí Painter rọrùn, owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀rọ sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìgò láìdúró. Eyín 24 ni ó ní nígbà náà. Ti òde òní ní 21.

Nígbà tí àwọn nǹkan mẹ́ta yìí pé, ìyẹn ìgò tí ó le, ìwọ̀n ṣúgà àti ìdérí tí kì í jò, ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún ọtí tí ó ń hó. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti àwọn tí ń pọn bíà nílé. Wọn a jẹ́ kí ọtí hó títí ṣúgà rẹ̀ yóò fi tán pátápátá. Lẹ́yìn náà, wọn a wọn ṣúgà tuntun díẹ̀, nǹkan bí gíráàmù 6 tàbí 7 fún lítà kan, wọn a dà á sínú ọtí náà, wọn a rọ ọ́ sínú ìgò, wọn a sì dé e. Ìwúkàrà tí ó ṣẹ́ kù yóò jẹ ṣúgà náà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, afẹ́fẹ́ yóò sì wọ inú ọtí, nítorí pé kò rí ibi jáde. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ a jókòó sí ìdí ìgò. Ọ̀nà kejì ni ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Wọn a sẹ́ ìwúkàrà kúrò, tàbí kí wọ́n fi ooru pa á, wọn a sì fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọtí tí ó ti tutù, nínú ìgò tàbí nínú àgbá onírin tí a sé pa. Nígbà tí ìjọba Britain mú ìwé àṣẹ kúrò lórí bíà tí a ń pọn nílé ní ọdún 1963, tí Amẹ́ríkà sì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1978, àwọn apọntí ilé níbẹ̀ mú ọ̀nà méjèèjì lò. Àgbá onírin tí àwọn oníṣòwò ẹlẹ́rìndòdò ti lò tẹ́lẹ̀, tí ó ń gba lítà 19, ni púpọ̀ nínú wọn sọ di àgbá bíà tiwọn.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yin ìsélé yìí. Ọtí inú àgbá ìbílẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń mí bí ti agbè. Wọ́n a ki èèkàn kékeré bọ orí àgbá náà kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ṣí i, kì í lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fẹ́ fi àgbá onírin àti afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀, àwọn ọ̀mutí dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀ ní ọdún 1971 láti gbèjà rẹ̀. Ohun tí a pè ní ìwà àtijọ́ lọ́wọ́ adẹ́mu ni a pè ní ogún ìbílẹ̀ tí ó yẹ kí a dáàbò bò lọ́wọ́ apọntí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìgò ní Èkó

Ọkọ̀ òkun ni ó kọ́kọ́ ń gbé bíà inú ìgò wá sí Èkó láti Yúróòpù. Ní ọdún 1946, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Brewery Limited sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ UAC àti Heineken sì wà lára àwọn tí ó ni ín. Oṣù kẹfà ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú. Ìkẹjà ni Guinness kọ́ ilé ìpọntí tirẹ̀ sí ní ọdún 1962. Ní Iléṣà, wọ́n dá International Breweries sílẹ̀ ní ọdún 1971, bíà Trophy sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde níbẹ̀ ní ọdún 1978. Láàárín àkókò kan náà, ẹlẹ́rìndòdò dé: ilé-iṣẹ́ Nigerian Bottling Company rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó láti ọdún 1953. Ní ọdún 1976, Maltina jáde fún àwọn tí ẹ̀sìn tàbí ìfẹ́ ọkàn wọn kò gbà láyè láti mu ọtí. Ìfófòó ti wá kúrò lára ọtí báyìí; a lè ra afẹ́fẹ́ nìkan, kí ọtí má sí níbẹ̀.

Kí ni ìgò tí a dé pinpin fún ọ̀mutí tí agbè kò lè fún un? Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà jíjìn. Bíà tí a pọn ní Iléṣà lè dé Ṣakí kí ó sì wà ní orí igbá fún oṣù púpọ̀. Èkejì ni ìdọ́gba: ìgò òní kò yàtọ̀ sí ti àná. Ẹ̀kẹta ni ìfọkàntán, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù nínú àṣà Yorùbá. Àṣà àtijọ́ ni pé kí onílé kọ́kọ́ tọ́ ọtí wò kí ó tó gbé e fún àlejò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀ pé kò sí májèlé nínú rẹ̀. Ìdérí tí a ṣí lójú àlejò, tí ó sì dún ṣíìì, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ariwo afẹ́fẹ́ yẹn ni ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ọtí náà. Ẹ̀kẹrin kan ìjọba: ìgò ṣeé kà, owó orí rẹ̀ sì ṣeé gbà ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Kò sí agbowó-orí tí ó lè ka agbè tí ó ń ti ẹ̀yìnkùlé kan bọ́ sí èkejì.

Ohun tí ó fi hàn pé ọkà kọ́ ni ó borí ni ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 1988. Ní ọdún náà, ìjọba Nàìjíríà fòfin de ọkà bálì láti òkèèrè. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíà ní láti yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Bíà kò tìtorí èyí parẹ́. Ó ṣì ń tà. Ọkà tí àwọn obìnrin apọntí ń rẹ sínú ìkòkò láti ìrandíran ni ó padà wọ inú ìgò Ìgànmú. Yàtọ̀ sí ewéko hops tí ń mú bíà korò díẹ̀, ohun tí ó kù láàárín ọtí náà àti ti ilé ni ìwúkàrà tí a yàn, òtútù, ìwọ̀n, ìgò àti ìdérí. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, obìnrin oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti pàdánù ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọkà rẹ̀ wọ ilé-iṣẹ́. Òun kò bá a wọlé.

Ògógóró àti Ẹmu Inú Ìgò

Àwọn kan lè sọ pé bóyá àwọn ará ilé kò kúndùn ìgò ni. Ògógóró já irọ́ yẹn. Ọmọ ẹmu ni ògógóró; ẹmu tí ó ti hó tán ni a ń sè, tí a sì ń gba oruku rẹ̀ tí ó di omi. Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀ mọ́, ìwúkàrà kò sì lè gbé inú rẹ̀. Kì í hó, kì í kan. Nítorí náà, kò pẹ́ tí ó fi wọ inú ìgò bíà tí ó ti ṣófo, pẹ̀lú ìdérí èyíkéyìí tí ó bá wà nítòsí. Epo pupa àti ẹ̀pà sísun náà wọ irú ìgò bẹ́ẹ̀, títí ìgò fi di òṣùwọ̀n ní ọjà. Gbogbo ohun tí kò mí ni ó rí ìgò wọ̀. Èyí tí ó ń mí nìkan ni ó dúró sí ìta.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbìyànjú láti mú ẹmu pàápàá wọlé. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, àti NIFOR, ilé ìwádìí lórí ọ̀pẹ tí ó wà ní ẹ̀bá ìlú Benin, ṣiṣẹ́ lórí ẹmu inú ìgò. Ọ̀nà Pasteur ni wọ́n tọ̀. Wọ́n a sẹ́ ẹmu, wọ́n a rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n a dé e, wọ́n a sì gbé ìgò náà sínú omi tí ó gbóná tó nǹkan bí 65 sí 70 dígírì Celsius fún bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwúkàrà a kú, ìgò kì í sì í bẹ́ mọ́. Ẹmu náà a lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì di ohun tí a lè gbé lọ sí òkè òkun fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ọ̀pẹ kò sí nítòsí wọn.

Èrè gidi ni èyí. Síbẹ̀, àwọn tí ẹmu ìdí ọ̀pẹ ti mọ́ lẹ́nu mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Iná ti fọwọ́ kan adùn rẹ̀, ẹmu tí ó sì wà láàyè máa ń yí padà láti wákàtí dé wákàtí: ó dùn ní òwúrọ̀, ó le ní ọ̀sán, ó ń pa ni ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀mutí a mọ wákàtí tí ó bá a lára mu. Ìgò mú wákàtí kan ṣoṣo, ó sì pa gbogbo ìyókù. Ìdí nìyí tí ẹmu inú ìgò kò fi lé adẹ́mu kúrò lórí ọ̀pẹ bí bíà ṣe lé oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kúrò ní ọjà.

Kẹ́ẹ̀gì

Nínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ, tí ó sì jáde ní ọdún 1952, ẹmu tí adẹ́mu ń dá fún ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 150 ní òwúrọ̀ àti 75 ní ìrọ̀lẹ́. Ọdún kẹta sí ìgbà tí Star kọ́kọ́ jáde ni ìwé náà jáde. Àwọn òǹkàwé sábà máa ń rẹ́rìn-ín sí iye ẹmu náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé ìtàn náà ró ni pé ẹmu kò ṣeé kó pamọ́. Bí adẹ́mu ṣe já lulẹ̀ tí ó kú, ìgbádùn dópin, ọ̀gá rẹ̀ sì ní láti wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹmu ṣeé dé pa sínú ìgò, kì bá tí sí ìrìn-àjò, kì bá tí sí ìwé.

Kẹ́ẹ̀gì tí ó wà lónìí yàtọ̀. Ike ni, púpọ̀ nínú wọn sì ń gba lítà 25. Epo tàbí òróró ni ó sábà máa ń bá wọ ilé kí ó tó di ti ẹmu. Kì í fọ́ bí agbè, ó sì ní ìdérí tí a ń yí. Ìdérí yẹn gan-an ni ìdánwò rẹ̀. Ẹlẹ́mu tí ó bá yí i dé pinpin yóò rí i pé ike náà ti wú bí ikùn aláboyún kí ó tó dé ibi àríyá, ẹni tí ó bá sì ṣí i láìrọra yóò fi ẹmu wẹ̀. Nítorí náà, àwọn ẹlẹ́mu máa ń dá ìdérí náà dẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ewé bọ ẹnu rẹ̀. Ohun èlò náà ti di ti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin agbè ni ó ń tẹ̀ lé.

Irú òfin yìí la òkun kọjá. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Lùkùmí tí ń bọ òrìṣà ṣì ń ṣe ọtí kan tí wọ́n ń pè ní chequeté. Àgbàdo, omi ọsàn kíkan àti oyin ìrèké ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Orúkọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ hàn kedere nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èròjà kan ti yí padà. Ọjọ́ ọdún òrìṣà ni wọ́n ń ṣe é fún, kì í ṣe orí igbá ọjà. Ibi tí ọtí bá ti jẹ́ ti àkókò àti ti àpéjọ, kò sí ohun tí ó ń béèrè fún ìdérí.

Ìkádìí

Ìtàn yìí kò sọ pé kí a pa ìgò tì. Ohun tí ó sọ ni pé ìgò nìkan kò tó. Apọntí ilé tí ó ní ìgò tí kò sì ní ìwọ̀n, àfọ́kù ni yóò kó. Ẹni tí ó bá ní ìwọ̀n lè sé afẹ́fẹ́ mọ́lé láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yàtọ̀ sí ẹmu lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣúgà inú ẹmu ń kán láti ara igi, kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún un. Ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń ti ọwọ́ obìnrin tí ó pọn ọ́n wá. Ó lè jẹ́ kí ó hó tán, kí ó wọn gíráàmù mélòó kan sí i, kí ó sì dé e nínú ìgò tí ó le, gẹ́gẹ́ bí àwọn apọntí ilé ní Britain àti Amẹ́ríkà ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgò dé Èkó, ilé-iṣẹ́ ni ìmọ̀ ìwọ̀n bá dé, kò dé ìdí ààrò. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀, àǹfààní láti fi ìmọ̀ tuntun kún un ni.

Ní ti ẹmu, agbè ṣì ni ó jàre. Àwọn tí ó fi ewé bọ ẹnu rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ó ń mí kò ṣeé dé pa. Wọ́n gbà kí díẹ̀ nínú ọtí dànù lójoojúmọ́, kí ohun èlò lè wà di ọ̀la.